IRIN JÍJÓ PẸ̀LÚ WÁYÀ ÀTI GÁÀSÌ: OHUN ÈLÒ RẸ̀ ÀTI OHUN TÍ ÒBÍ GBỌ́DỌ̀ MỌ̀



 

 Ó ti mọ́ wa lára pé kí ìwé ọdọọdún báyìí kún fún àlàyé lórí ìrun, ààwẹ̀, sàká àti ìwà rere. Ohun tí a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí lè ṣe àjèjì létí ẹlòmíràn, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní Ilemona níbí, ní Ọ̀fà, ní Ẹ̀rìn-Ilé àti ní Ìlọrin ni wọ́n ń lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọ̀nà tuntun kan sì ti wọ inú iṣẹ́ náà, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní MIG, tí àwọn mìíràn ń pè ní CO2. Ẹni tí kò bá mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lè fi owó ra ẹ̀rọ tí kò ní wúlò fún un, ó sì lè fi ojú tàbí ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ wéwu. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀.

IRIN NÍNÚ ALÙKÙRÁÀNÌ

Irin kì í ṣe ohun kékeré nínú ẹ̀sìn wa. Odidi súrà kan ni ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, èyíinì ni Suratul-Hadid, tí í ṣe súrà 57. Ibẹ̀ ni Ọlọ́hun ti jẹ́ kí á mọ̀ pé agbára líle ń bẹ nínú irin, àǹfààní sì ń bẹ nínú rẹ̀ fún ènìyàn. Nínú Suratu Saba', a rí i pé Ọlọ́hun sọ irin di rírọ̀ fún Ànábì Dáwúdà, Ó sì pa á láṣẹ kí ó fi ṣe ẹ̀wù ogun, kí ó sì wọn ìsopọ̀ àwọn òrùka rẹ̀ dáadáa. Nínú Suratul-Kahf, Dhul-Qarnayn ní kí wọ́n kó irin jọ, kí wọ́n fẹ́ iná sí i títí yóò fi pọ́n, kí ó tó da bàbà yíyọ́ lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí àṣẹ tí Ọlọ́hun pa fún Ànábì Dáwúdà. Kì í ṣe pé kí ó ṣáà ti so irin mọ́ irin, bí kò ṣe pé kí ó so ó pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Ohun tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí nìyẹn.

AFẸ́FẸ́ NI Ọ̀TÁ

Bí a bá fẹ́ kí irin méjì di ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ mú ojú méjèèjì yọ́. Irin kì í yọ́ àfi bí ooru rẹ̀ bá tó nǹkan bí 1,500 dígírì Celsius. Iná mànàmáná tí ó ń fò láti ẹnu ọ̀pá bọ́ sára irin gbóná ju 5,000 lọ, ìdí nìyẹn tí irin fi ń yọ́ lójú ẹsẹ̀.

Yíyọ́ irin kọ́ ni ìṣòro. Afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ni ìṣòro. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 78 jẹ́ náítírójìn, 21 jẹ́ ọ́síjìn, ìyókù kò ju 1 lọ. Ọ́síjìn ni Ọlọ́hun fi ń dá ẹ̀mí wa sí, òun kan náà ni ó ń mú irin dógùn-ún. Irin tútù lè lo ọdún púpọ̀ kí ó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n irin tí ń yọ́ ń bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Náítírójìn ní tirẹ̀ a máa wọ inú irin yíyọ́. Nígbà tí irin bá ń dì, a máa wá ọ̀nà jáde, a sì fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bí ihò inú búrẹ́dì. Irin tí ó ní irú ihò bẹ́ẹ̀ yóò kán níjọ́ tí ẹrù bá wúwo lé e.

Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ wẹ́dà, ọgbọ́n àti bo irin yíyọ́ mọ́lẹ̀ ni, kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án kí ó tó dì. Jórinjórin tí gbogbo wa mọ̀ lẹ́bàá títì ń lo ọ̀pá tí wọ́n ti fi nǹkan bò lára. Bí ọ̀pá náà bá ń jó, ohun tí ó bò ó a máa di èéfín àti ìdàrọ́, ìdàrọ́ náà a sì bo ojú irin. Ìyẹn ni ẹ fi ń rí wọn tí wọ́n ń fi òòlù gbá a kúrò nígbà tí ó bá tutù. Bí ọ̀pá kan bá sì tán, wọn a dúró, wọn a fi òmíràn sí i.

Nínú ọ̀nà tuntun yìí, kò sí ọ̀pá. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń jáde láti inú róólù, ẹ̀rọ ni ó ń tì í, wáyà náà ni iná ń gbà kọjá, òun náà ni ó ń yọ́ di irin tí ó so méjì pọ̀. Gáàsì a sì máa tú jáde yí wáyà náà ká, a lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, bí ẹni fi ọwọ́ méjèèjì bo àtùpà kí atẹ́gùn má pa á. Kò sí ìdàrọ́ tí a ó máa gbá kúrò, kò sì sí ìdádúró láti pààrọ̀ ọ̀pá. Iṣẹ́ a máa yá, ó sì dára púpọ̀ fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ara mọ́tò.

IBI TÍ Ó TI ṢẸ̀ WÁ

Ọdún 1894 ni àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord Rayleigh àti William Ramsay, rí gáàsì kan nínú afẹ́fẹ́ tí kì í bá ohunkóhun ṣe pọ̀: kì í jó, kì í mú irin dógùn-ún. Wọ́n sọ ọ́ ní argon, èyí tí ó túmọ̀ sí ọ̀lẹ ní èdè Gíríìkì. Ó wà nínú afẹ́fẹ́ láti ìgbà tí Ọlọ́hun ti dá ayé, kò tilẹ̀ pé ìdá kan nínú 100, ẹnì kan kò sì mọ̀. Ìwà ọ̀lẹ rẹ̀ yìí gan-an ni ó wúlò fún wẹ́dà.

Ní 1948, àwọn onímọ̀ ní Battelle Memorial Institute, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀nà wáyà àti gáàsì yìí. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi jó, nítorí pé argon wọ́n, kò sì bójú mu láti máa fi jó irin lásán. Ní 1953, àwọn onímọ̀ Soviet méjì, Lyubavskii àti Novoshilov, fi hàn pé carbon dioxide, tí a ń pè ní CO2, tí kò wọ́n, lè bo irin bákan náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà yìí ti tàn kálẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi àti afárá. Láyé àtijọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ wúwo bí àpótí irin ńlá. Lónìí, èyí tí wọ́n ń pè ní inverter kéré débi pé ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e.

ÀWỌN OHUN ÈLÒ

Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ nìkan kò tíì ra nǹkan. Àwọn ohun wọ̀nyí ni wọ́n ń bá ara wọn ṣiṣẹ́:

1. Ẹ̀rọ tí ń pèsè iná. Iná DC ni ó ń gbé jáde, irú iná tí ó wà nínú bátìrì. Ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ wa ń fi wáyà bàbà wé fúnra wọn, tí wọ́n ń da ọ́ìlì sínú rẹ̀, iná AC ni ó ń gbé jáde ní tirẹ̀. Ọ̀pá ni ó wà fún, kò ṣe é lò fún wáyà àti gáàsì. Kí ẹni tí yóò rà á sì ro ti iná ìlú: bí iná bá lọ sílẹ̀, jíjó náà yóò bàjẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń tan gílóòbù kò lè gbé e.

2. Róólù wáyà àti ẹ̀rọ tí ń tì í. Róólù kékeré jẹ́ kílò 5, ńlá jẹ́ kílò 15. Wáyà 0.8 mílímítà dára fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 1.0 àti 1.2 wà fún èyí tí ó nípọn. Àwọn róólà kéékèèké ni wọ́n ń di wáyà mú. Bí wọ́n bá dì í le jù, wọn a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́ jù, wáyà kò ní jáde déédéé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òjò tàbí ìrì rin wáyà, nítorí pé wáyà tí ó dógùn-ún ń ba jíjó jẹ́.

3. Ìbọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó ní ohun títẹ̀ bí ti ìbọn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, gáàsì, wáyà àti iná yóò jáde pọ̀. Ní ẹnu rẹ̀, típì bàbà kékeré kan wà tí wáyà ń gbà kọjá, ihò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá wáyà mu. Imú bàbà tí ó tóbi ju ìyẹn lọ ni gáàsì ń gbà jáde. Ẹ̀ta irin a máa dí imú yìí, bí ó bá sì ti dí, gáàsì kò ní bo irin mọ́. Ẹ máa nu ún.

4. Wáyà ilẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní áàtì. Ó gbọ́dọ̀ di irin tí ó mọ́ tónítóní mú, kì í ṣe ibi tí ọ̀dà tàbí ìdógùn-ún wà.

5. Sílíńdà gáàsì. Sílíńdà argon tí ó kún lè ní agbára títì tí ó tó 200 bar nínú. Táyà mọ́tò kékeré kò sábà ju bar méjì àtààbọ̀ lọ, èyí ni pé sílíńdà náà tó ìlọ́po 80 rẹ̀. Ní ti CO2, omi ni ó jẹ́ nínú sílíńdà tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá dígírì 31, kò lè jẹ́ omi mọ́, agbára títì rẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i. Ẹ̀yin náà mọ bí oòrùn wa ti ń mú ní oṣù kẹta. Abẹ́ ìbòòji ni sílíńdà ń gbé, wọ́n á sì fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri.

6. Régúlétọ̀ àti ohun tí ń wọn gáàsì. Kì í ṣe bí a bá ti ṣí i sílẹ̀ tó ni ó ń dára tó. Líta 10 sí 15 ní ìṣẹ́jú kan ni ó tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá kéré jù, afẹ́fẹ́ yóò wọlé. Bí ó bá pọ̀ jù, gáàsì yóò máa yí po, yóò sì fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Òṣùwọ̀n tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyí.

7. Ìbòjú, ìbọ̀wọ́ awọ, aṣọ tí ó nípọn àti bàtà tí ó bo gbogbo ẹsẹ̀.

IRÚ GÁÀSÌ WO NI?

Fún alumíníọ̀mù, argon nìkan ni. Fún irin, CO2 kò wọ́n, iná rẹ̀ sì ń wọ irin jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ta rẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ a máa lo àdàlù méjèèjì, bí argon 80 àti CO2 20 nínú 100, jíjó rẹ̀ a sì máa tẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí á ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára gáàsì àwọn panẹ́ẹ́lì bítà. Tiwọn, kábáàdì ni wọ́n ń da omi sí, gáàsì tí ó ń jáde láti inú rẹ̀ a sì máa jó, òun àti ọ́síjìn inú sílíńdà ni ó ń di iná. Gáàsì tí à ń sọ níbí kì í jó rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó bo irin. Ẹni tí ó bá fi ọ́síjìn rọ́pò rẹ̀ ti pe ọ̀tá wọlé.

Atẹ́gùn tún wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́. Bí atẹ́gùn bá ti yára ju nǹkan bí kìlómítà 8 ní wákàtí kan lọ, yóò gbá gáàsì dànù. Ìyẹn kéré sí atẹ́gùn ọyẹ́ wa. Nítorí náà, inú ṣọ́ọ̀bù ni ilé iṣẹ́ yìí. Ẹni tí yóò jó irin ní gbangba, bí òpó táńkì omi mọ́sálásí, kí ó fi aṣọ tàbí páànù gba atẹ́gùn, tàbí kí ó lo ọ̀pá àtijọ́. Irú wáyà kan tún wà tí ohun ìbora rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí kò nílò gáàsì.

OJÚ, ÈÉMÍ ÀTI Ẹ̀MÍ

Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Suratul-Baqarah pé kí á má ṣe fi ọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun. Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin ọmọ kéú.

Iná wẹ́dà ní ìtànṣán tí ojú kò rí, irú èyí tí ó wà nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ó le. Kì í dun ni lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, pàápàá ní òru, ojú yóò máa ro ni bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó dúró wo iná náà nígbà tí ó ń bọ̀ láti ilé kéú lè fara gbá a bí oníṣẹ́. Gíláàsì dúdú tí a fi ń ṣe fáàrí kò lè dáàbò bo ojú. Ìbòjú tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 sí 13 ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Bí ojú bá sì ń ro ọmọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má ṣe kán ohunkóhun sí i.

Argon àti CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Nínú táńkì tàbí kòtò, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbá jọ sí, wọn a lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹni tí ó wà níbẹ̀ a sì dákú láìgbóòórùn nǹkan kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ wọ inú táńkì jó irin láìsí ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti ẹni tí ń ṣọ́ ọ lókè. Páìpù tí wọ́n fi síńkì bò, èéfín funfun rẹ̀ a máa fa ibà àti òtútù lálẹ́ ọjọ́ náà. Mílíìkì tí àwọn kan ń mu kò dí i. Kí wọ́n fá síńkì náà kúrò kí wọ́n tó jó o ni ààbò. Ní ti táńkì tàbí dúrọ́ọ̀mù tí epo bẹntiróòlù ti wà nínú rẹ̀ rí, bí ó tilẹ̀ gbẹ, òórùn epo tí ó kù tó láti bú gbàmù. Kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ má fọwọ́ kàn án.

OJÚ DÍDÁN, INÚ ÒFÌFO

Ohun kan wà nínú ọ̀nà yìí tí ó jẹ́ ìdánwò fún ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Wáyà yóò máa yọ́ láìdúró, bí irin ìsàlẹ̀ kò tilẹ̀ tíì gbóná tó. Nígbà náà, jíjó náà yóò sùn lé irin lórí, yóò tẹ́jú, yóò dán, ẹni tí kò mọ̀ yóò yìn ín. Ṣùgbọ́n kò dì mọ́ ọn. Yóò ṣí bí ẹ̀kọ ti ń ṣí kúrò lára ewé. Bí iná tí ẹ̀rọ ń fúnni bá kéré, bí ọwọ́ bá yá jù, bí irin bá nípọn tàbí tí ó dọ̀tí, ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Jíjó ọ̀pá tí kò dára sábà ń hàn sójú. Ti wáyà lè fara pamọ́ títí di ọjọ́ tí géètì yóò wó lu ọmọ, tàbí tí òpó táńkì yóò ya.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá níbi òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó bá a ní tútù. Olóúnjẹ ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí ènìyàn lè rí i, ó sì là á yé e pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ ènìyàn jẹ kò sí lára wa. Imam Muslim gbà á wá. Oúnjẹ tí òkè rẹ̀ gbẹ tí inú rẹ̀ tutù, àti irin tí òkè rẹ̀ dán tí inú rẹ̀ kò dì, ìdájọ́ kan náà ni wọ́n ní.

Ọ̀nà àtiyẹ̀ ẹ́ wò kò ṣòro. Kí oníṣẹ́ mú àjákù irin méjì tí ó nípọn bákan náà, kí ó jó wọn pọ̀ bí yóò ti jó iṣẹ́ náà gan-an, kí ó fi fáìsì dì í, kí ó sì fi òòlù tẹ̀ ẹ́. Bí irin bá tẹ̀ tí ojú jíjó kò ṣí, ó dára. Bí ó bá ṣí, kí ó tún iná àti wáyà ṣe kí ó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ oníṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÒBÍ

Kí ẹ tó fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ sì wo àwọn nǹkan wọ̀nyí:

(a) Ṣé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ìbòjú tirẹ̀, àbí ọ̀gá nìkan ni ó ní?

(b) Ṣé wọ́n de sílíńdà mọ́lẹ̀, àbí ó dá dúró nínú oòrùn?

(d) Ṣé ọ̀gá mọ jíjó ọ̀pá àti ti wáyà? Ọmọ tí ó bá fi ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ yóò mọ bí irin ti ń yọ́, ti wáyà kò sì ní tàn án.

(e) Ṣé ọ̀gá máa ń dán jíjó wò kí ó tó gbé iṣẹ́ fún oníbàárà?

(ẹ) Ṣé yóò gba ọmọ láyè láti kírun lásìkò?

Bí ọmọ bá gba fúrídọ̀ọ̀mù, ẹ má jẹ́ kí ó mọ síbẹ̀. Ìdánwò trade test ti ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992, ọdún kan náà tí wọ́n dá Federal Polytechnic sílẹ̀ ní Ọ̀fà tí kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ jinlẹ̀ sí i, Petroleum Training Institute ní Effurun ní ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ wẹ́dà ní pàtó.

Kò sí ohun ẹ̀gàn nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ànábì wa ti fi yé wa pé Ànábì Dáwúdà, ọba tí Ọlọ́hun fún ní Sabúrà, nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ti ń jẹun. Ọmọ tí ó ka Alùkùráànì, tí ó sì mọ irin jó pẹ̀lú òṣùwọ̀n, ọ̀nà méjì ni ó fi ń ṣe ará ìlú lóore.

Ọlọ́hun kí ó fi ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní jíǹkí àwọn ọmọ wa, kí ó dáàbò bo ojú àti ẹ̀mí wọn, kí ó sì fi háláàlì rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àmín.